Fáìlì, ṣọ́ọ̀kì àti òjé: ìtàn ìlà tí a kò fẹ́ lára ọ̀bẹ

1/ Ẹ gbọ́ ná. Ìtàn fáìlì ni mo fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe fáìlì orí kọ̀ǹpútà o, kì í ṣe èyí tí akọ̀wé ń gbé sábẹ́ abíyá náà. Fáìlì onírin ni mò ń sọ, èyí tí àgbẹ̀ fi ń pọ́n àdá, tí wẹ́dà fi ń dán ojú irin. Ó gùn díẹ̀, àmọ́ ẹ bá mi dé ìparí, torí pé ẹ̀mí èèyàn wà nínú ẹ̀. 🧵

2/ Mo máa ń fi ọwọ́ ṣe ọ̀bẹ. Irin sípíríìnì ọkọ̀ àlòkù ni mo máa ń lò. Màá kọ́kọ́ fi iná rọ̀ ọ́, màá gé e, màá wá máa fi fáìlì yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ títí táá fi jọ ọ̀bẹ. Ohun tó máa ń dun gbogbo àwa tá à ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ni pé, tí ojú ọ̀bẹ bá ti fẹ́ máa dán báyìí, ìlà kan á kàn ṣàdédé là á kọjá. Á jìn, á burú, bíi pé ológbò ló họ ọ́.

3/ Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé fáìlì yẹn ló le jù. Rárá o. Eyín fáìlì dà bí eyín tiwa: tó bá jẹ ẹran, ẹran á há sí i. Èérún irin tó gé kúrò lára ọ̀bẹ ló máa ń há sáàárín eyín ẹ̀, táá wá ṣù pọ̀ síbẹ̀, táá sì yọrí síta. Tẹ́ ẹ bá tún ti fáìlì yẹn síwájú, èérún yẹn ló ń họ irin, kì í ṣe eyín fáìlì. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

4/ Ẹnì kan á ní, "Ìlà lásán, kí ló wá kan ẹ̀mí èèyàn?" Ó kàn án. Àkọ́kọ́, omi, iyọ̀ àti omi ata máa ń sá pamọ́ sínú ìlà bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni ìpẹta ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìkejì ló burú jù. Kí ọ̀bẹ tó le, a gbọ́dọ̀ jẹ́ kó gbóná pupa, ká wá tì í bọ òróró tàbí omi lẹ́ẹ̀kan náà. Ara irin á fún pinpin lójijì. Tó bá fẹ́ sán, ibi tó ti ní ìlà jíjìn ló máa ń wá. Ọ̀bẹ tó sán tí a ò rí i, ọwọ́ ẹni tó ń lò ó ló máa ṣẹ́ sí.

5/ Torí náà, ọjọ́ ti pẹ́ táwọn oníṣẹ́ irin ti ń bá ìlà jà. Kí fáìlì onírin tó wà, yanrìn àti òkúta ni wọ́n fi ń dán nǹkan. Nígbà tó yá ni wọ́n gbọ́n ọgbọ́n pé kí irin fúnra ẹ̀ ní eyín. Flinders Petrie, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń wa ilẹ̀ wá nǹkan àtijọ́, rí àwọn irinṣẹ́ onírin kan ní Thebes, nílẹ̀ Íjíbítì. Àkẹtẹ̀ ogun àwọn ará Ásíríà wà pẹ̀lú wọn. Nǹkan bí ọdún 600 sí 700 ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n gbà pé wọ́n ti wá, irinṣẹ́ eléyín tí wọ́n fi ń ha nǹkan sì wà nínú wọn.

6/ Ẹ jẹ́ n fi èyí kún un, torí mo mọ̀ pé àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wà níbí. Nínú Bíbélì King James ti 1611, 1 Samuẹli 13:21 sọ pé àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ní fáìlì tí wọ́n fi ń pọ́n ọkọ́ àti àáké. Ọ̀rọ̀ Hébérù tó wà níbẹ̀ ni "pim". Àwọn tó túmọ̀ ẹ̀ ò mọ ohun tó jẹ́, ni wọ́n bá fojú díwọ̀n ẹ̀. Ní ọ̀rúndún 20, wọ́n wú àwọn òkúta ìwọ̀n kéékèèké tí wọ́n kọ "pim" sí lára nínú ilẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò tó gíráàmù 8. Àṣé iye owó ni! Owó tí alágbẹ̀dẹ ń gbà ni ẹsẹ yẹn ń sọ. Ibi tí wọ́n kọ owó sí ni wọ́n ka fáìlì sí.

7/ Ẹ jẹ́ ká fò dé nǹkan bí 1100 sí 1130, ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ẹnì kan tó pe ara ẹ̀ ní Theophilus, tó jẹ́ ẹni ilé ìsìn àwọn mọ́ńkì, kọ ìwé kan lórí iṣẹ́ ọwọ́. Ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe fáìlì: wọ́n á fi òòlù àti irin ẹlẹ́nu mímú gé eyín sí i lára, wọ́n á wá sun ìwo màlúù, wọ́n á lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ iyọ̀, wọ́n á bù ú sórí fáìlì tó ti pupa nínú iná, kí wọ́n tó rì í sómi. Èédú tó ń ti ara ìwo yẹn wá ló ń jẹ́ kí ojú irin le.

8/ Bàbá yìí tún kọ ọ́ pé, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí irinṣẹ́ le ju bí omi lásán ṣe lè mú un le lọ, ẹ wá ìtọ̀ ọmọdékùnrin kékeré tí irun orí ẹ̀ pupa. Mi ò sọ ọ́ o, òun ló sọ ọ́ 😂. Àmọ́ kẹ́ ẹ má rẹ́rìn-ín jù. Omi tí iyọ̀ wà nínú ẹ̀ máa ń jẹ́ kí irin tutù kíákíá ju omi lásán lọ, ìtọ̀ sì ní iyọ̀. Nǹkan ṣiṣẹ́, wọn ò kàn mọ ìdí tó fi ṣiṣẹ́ ni. Ti irun pupa yẹn ló jẹ́ àsọdùn.

9/ Nílé ńkọ́? Àwọn agbẹ́gilére wa náà bá ìlà jà, orí igi ni tiwọn. Tí wọ́n bá fi ọ̀bẹ gbẹ́ ère tán, ewé ìpín ni wọ́n máa ń fi dán an. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń pe igi ẹ̀ ní Ficus exasperata. Ẹ fọwọ́ pa ewé yẹn, ẹ máa rí i pé ó ń họni. Irun wínníwínní tó wà lára ẹ̀ ní ohun kan náà tó wà nínú yanrìn nínú. Sánpépà tó ń hù lórí igi ni! Ewé tó bá ti kún fún ẹ̀túẹ̀tú igi, ẹ jù ú nù, ẹ já òmíràn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ wa: ohun tó ti kún kì í dán nǹkan mọ́, ńṣe ló ń họ ọ́.

10/ Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí Sheffield, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, torí ibẹ̀ ni ìtàn fáìlì ti gbóná jù. Odò tó ń sáré wà níbẹ̀ tó ń yí òkúta ìpọ́nbẹ, ọ̀bẹ ìlú yẹn sì ti lókìkí débi pé Chaucer dárúkọ ẹ̀ nínú ìtàn tó kọ ní ọ̀rúndún 14. Ní 1624, òfin ilé ìgbìmọ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọ̀bẹ sílẹ̀ níbẹ̀. Láàárín ọdún 1740 sí 1750 ni Benjamin Huntsman, tó ń ṣe aago tẹ́lẹ̀, rí ọ̀nà láti yọ́ irin líle nínú ìkòkò amọ̀ kó lè dọ́gba látòkè délẹ̀. Irin tó dọ́gba ni fáìlì tó dáa ń fẹ́.

11/ Báwo ni wọ́n ṣe ń gé fáìlì ní Sheffield? Ọwọ́ ni. Òṣìṣẹ́ á jókòó sídìí òkúta ńlá kan, á gbé irin tí kò tíì le sórí àtẹ́, á fi okùn awọ dè é mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ ló fi ń tẹ okùn yẹn. Á di irin ẹlẹ́nu mímú mú lọ́wọ́ òsì, á mú òòlù lọ́wọ́ ọ̀tún. Ìlù kan, eyín kan. Ìlù kan, eyín kan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún eyín lórí fáìlì kan ṣoṣo.

12/ Wọn kì í fi rúlà wọ̀n ọ́n o. Tí ìlù kan bá bọ́ sórí irin, ẹ̀gbẹ́ ibi tó wọlé máa ń wú díẹ̀. Òṣìṣẹ́ á fa irin ẹlẹ́nu mímú yẹn títí táá fi kan ibi tó wú yẹn, á mọ̀ ọ́n lára, ibẹ̀ ló sì máa lu lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìka ọwọ́ ló ń rí ọ̀nà, kì í ṣe ojú. Iṣẹ́ tó gba ọwọ́ pípé gan-an nìyẹn. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ ọwọ́ yìí.

13/ Wàhálà wá dé nígbà tí wọ́n bá parí ojú kìíní. Fáìlì ní ojú méjì. Tí wọ́n bá yí i padà láti gé ojú kejì, eyín tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ló máa wà nísàlẹ̀, òòlù á sì máa bọ́ lé e lórí. Tó bá jẹ́ orí irin ni wọ́n gbé e lé, gbogbo eyín yẹn á tẹ́, á họ, iṣẹ́ àtàárọ̀ á bàjẹ́. Wọ́n nílò ohun kan tó rọ̀, tó wúwo, tí kì í ta padà.

14/ Òjé ni. Òjé rọ̀ débi pé èékánná lè fa ìlà sí i. Tí eyín fáìlì bá wọ inú ẹ̀, òjé ló máa gbà, eyín ò ní ṣe nǹkan kan. Ó tún wúwo, kì í jẹ́ kí irin máa fò. Gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́ ọwọ́, mo ní láti kan sárá sí ọgbọ́n yìí. Tẹ́ ẹ bá ń wá ohun táá dáàbò bo irin kó má họ, ẹ ò lè rí èyí tó dáa tó o.

15/ Àmọ́ gbogbo ìlù tó bá bọ́ ni eruku òjé ń gbéra. Inú yàrá kékeré lẹ́yìn ilé ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń ṣiṣẹ́, ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé. Wọ́n máa ń fi itọ́ tọ́ ìka kí irin kékeré ọwọ́ wọn má bàa yọ̀. Wọ́n ń jẹun níbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ yẹn náà. Eruku yẹn wọ imú, wọ ẹnu, wọ aṣọ, ó sì bá wọn wọlé.

16/ Òjé kì í pa èèyàn lọ́jọ́ kan. Inú rírun ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí, irú èyí tó ń ká èèyàn kò. Lẹ́yìn náà, ìlà aláwọ̀ búlúù á yọ sí èrìgì, nídìí eyín. Dókítà Henry Burton ló kọ nípa ìlà yẹn ní 1840, títí di òní orúkọ ẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é. Nígbà tó bá yá, òjé á kọlu iṣan apá, ọrùn ọwọ́ á rọ, ọwọ́ á kàn máa fì nílẹ̀, kò ní gbéra mọ́.

17/ Ẹ rò ó wò. Ẹni tó jẹ́ pé ìka ẹ̀ ló fi ń rí ọ̀nà, ọwọ́ yẹn gan-an ni òjé gbà. Eyín fáìlì ò họ, àmọ́ ìlà yọ sí ìdí eyín òṣìṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ló kú kí ọjọ́ wọn tó pé, torí pé ojú fáìlì kejì gbọ́dọ̀ dán bíi ti àkọ́kọ́.

18/ Ṣé ìjọba ò mọ̀ ni? Wọ́n mọ̀, àmọ́ ẹsẹ̀ wọn ò yá. Ní 1895, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé dókítà tó bá rí ẹni tí òjé ń pa níbi iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba létí. Ní 1898, wọ́n yan Thomas Legge gẹ́gẹ́ bíi dókítà àkọ́kọ́ tó ń bẹ ilé iṣẹ́ wò. Ní 1903, wọ́n ṣe òfin tó dá lórí àwọn tó ń fi ọwọ́ gé fáìlì: afẹ́fẹ́, ìmọ́tótó, ọwọ́ fífọ̀. Nǹkan kékeré lójú wa lónìí. Ọ̀pọ̀ ìran ló ti kọjá kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀.

19/ Ẹ̀rọ ńkọ́? Leonardo da Vinci, ẹni tó ya Mona Lisa yẹn, ti ya àwòrán ẹ̀rọ tó lè gé fáìlì sórí ìwé kó tó di 1500. Òòlù á bọ́ fúnra ẹ̀, irin á sún síwájú díẹ̀, òòlù á tún bọ́. Ọgbọ́n ọ̀hún dáa, àmọ́ ó ju 300 ọdún lọ kí ẹ̀rọ tó gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ èèyàn lóòótọ́. Ní 1864, William Nicholson dá ilé iṣẹ́ fáìlì ẹlẹ́rọ sílẹ̀ ní Providence, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Orúkọ Nicholson ṣì wà lára fáìlì lọ́jà títí di òní.

20/ Kí ló fà á tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ọ̀kan nínú ìdí ẹ̀ dùn mọ́ mi. Ẹ̀rọ ń gé eyín tó dọ́gba jù! Tí eyín bá dọ́gba tán pátá, eyín ẹ̀yìn máa ń já sínú ojú ọ̀nà tí eyín iwájú ti là, fáìlì á wá máa gbọ̀n, á máa fi ìlà wìnnìwìnnì sílẹ̀ lára iṣẹ́. Ọwọ́ èèyàn kì í dọ́gba tó bẹ́ẹ̀, àìdọ́gba díẹ̀ yẹn sì ni kì í jẹ́ kí fáìlì gbọ̀n. Nicholson ní láti kọ́ ẹ̀rọ láti máa yí àlàfo eyín padà díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹ̀rọ kọ́ àìpé lọ́dọ̀ ọwọ́.

21/ Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀bẹ wa. Ohun tó rọ̀ ló gba eyín fáìlì là ní Sheffield. Ohun tó rọ̀ náà ló máa gba ojú ọ̀bẹ yín là, àmọ́ tiwa kì í pa èèyàn. Ṣọ́ọ̀kì ni. Èyí tí tíṣà fi ń kọ̀wé sójú pátákó. Ẹ fi pa eyín fáìlì dáadáa títí táá fi funfun. Ṣọ́ọ̀kì á dí àlàfo àárín eyín, èérún irin ò ní ríbi há sí. Tẹ́ ẹ bá gbá fáìlì mọ́ igi pẹ́pẹ́, ṣọ́ọ̀kì àti èérún á jọ já bọ́.

22/ Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyí:
– Tí fáìlì bá jẹ́ tuntun, ẹ kọ́kọ́ lò ó lórí idẹ, kí eyín tó ga ju ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ lè wálẹ̀.
– Iwájú ni kẹ́ ẹ máa tì í sí. Tẹ́ ẹ bá ń padà, ẹ gbé e kúrò lára irin. Fífà á padà ń pa eyín, ó sì ń wọ́ èérún lórí iṣẹ́.
– Ẹ má fi ọwọ́ tó ní òróró pa fáìlì. Òróró ló ń jẹ́ kí èérún lẹ̀.

23/ – Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti ń tì í, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbá eyín náà, kẹ́ ẹ gbá a tẹ̀ lé ojú ọ̀nà eyín.
– Èyí tó bá kọ̀ tí kò jáde, ẹ wá pẹlẹbẹ idẹ tàbí bàbà, ẹ tì í gba ojú ọ̀nà eyín. Idẹ rọ̀ ju fáìlì lọ, á gba àwòrán eyín, á sì ti èérún jáde bí igi ìtayín.
– Tó bá ti ń kù díẹ̀, ẹ dín agbára kù. Ẹni tó ń kánjú ni ìlà máa ń bá lálejò.

24/ Fún ìparí, ẹ gbé fáìlì dá ọ̀bẹ lábùú, ẹ di orí àti ìdí ẹ̀ mú, ẹ máa tì í lọ gba gígùn ọ̀bẹ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni sánpépà tẹ́ ẹ wé mọ́ igi: 120, 240, 400. Tẹ́ ẹ bá ti pààrọ̀ nọ́ńbà, ẹ pààrọ̀ ìhà tẹ́ ẹ ń lọ, kẹ́ ẹ lè rí i bóyá ìlà ti tẹ́lẹ̀ ti tán. Kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ ẹ̀ pàápàá, ẹ nu ọ̀bẹ, ẹ fọ ọwọ́. Yanrìn kan láti ara 120 tó bá tẹ̀ lé yín dé 400, á bà á jẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ ewé ìpín náà nìyẹn.

25/ Ó ku ọ̀kan. Ẹnu fáìsì tẹ́ ẹ fi di ọ̀bẹ mú náà máa ń họ ọ̀bẹ. Àwọn oníṣẹ́ irin àtijọ́ máa ń fi òjé bò ó. Àwọn kan ṣì lè gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀ lónìí, torí òjé pọ̀ nínú bátìrì ọkọ̀ tó ti kú. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tàbí awọ bàtà àlòkù máa ṣiṣẹ́ yẹn. Kẹ́ ẹ sì wọ ìbòmú, torí eruku irin fúnra ẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ.

26/ Tẹ́ ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ òjé ti di ìtàn àtijọ́, ẹ rántí Zamfara. Ní 2010, lórílẹ̀-èdè tiwa níbí, ó kéré tán 400 ọmọdé ló kú torí eruku òjé, níbi tí àwọn òbí wọn ti ń lọ òkúta láti wá góòlù. Inú agbo ilé ni wọ́n ti ń lọ̀ ọ́. Bíi ti Sheffield gẹ́lẹ́: iṣẹ́ bá èèyàn wọlé, ó bá ọmọ lórí ẹní.

27/ Ìdí tí mo fi kọ gbogbo èyí ni pé, a máa ń yin ohun tó dán. "Wo ọ̀bẹ yìí, kò ní ìlà kankan!" Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ máa béèrè ibi tí ìlà yẹn lọ. Ní Sheffield, èrìgì èèyàn ló lọ. Tiwa lè lọ sínú ṣọ́ọ̀kì, ká gbá a dànù, ká fọ ọwọ́, ká jẹun.

28/ Ìtàn parí. Tẹ́ ẹ bá ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tó ń ṣe alágbẹ̀dẹ, wẹ́dà tàbí agbẹ́gilére, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fi ń dènà ìlà lára iṣẹ́ wọn, kẹ́ ẹ wá sọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Mo fẹ́ kà á. Ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá ń lo fáìlì láìsí ṣọ́ọ̀kì.